Kòkòrò ló jẹ àgbàdo wa, òjò kọ́

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ pé òjò tó dá ló jẹ́ kí àgbàdo wọ́n ní Ilé-Ifẹ̀. Òótọ́ ni pé òjò dá. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà Oǹdó níbi tí mo ti ń dáko, kòkòrò ló jẹ tèmi, ó sì dùn mí pé ẹ ò dárúkọ rẹ̀ rárá.

Fall armyworm ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Àríwá àti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára ibi tó ti kọ́kọ́ yọjú. Àfòpiná ni ìyá rẹ̀, òru ló ń fò. Ẹyin 100 sí 200 ló lè yé sójú kan lára ewé. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹyin náà á pa, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Nígbà tí mo rí ihò lára ewé, mo sáré lọ ra oògùn. Inú ìgò omi ni ẹni tó tà á bu ú sí, kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni mo fọ́n ọn. Kòkòrò ò kú, ojú mi ló ń ta mí fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀yìn náà ni mo tó mọ̀ pé bó bá ti dàgbà, àárín ọkàn àgbàdo ló ń wọ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ á sì dí ibẹ̀ pa bí ìyẹ̀fun tí ayùn ń tú sílẹ̀. Oògùn wo ló máa débẹ̀?

Ìyá tí oko wọn bá tèmi pààlà kò ra nǹkan kan. Láti ìgbà tí àgbàdo wọn ti yọ ewé mẹ́ta ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Wọ́n ń fọwọ́ rún ẹyin, wọ́n sì ń bu eérú sínú ọkàn èyí tí kòkòrò ti wọ̀. Wọ́n rí àgbàdo kó.

Ìwé tí wọ́n pín fún wa nípàdé àgbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni látòkèdélẹ̀. Ẹ bá wa ya àwòrán kòkòrò náà sójú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn yín, kẹ́ ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ lédè wa: ilà bíi lẹ́tà Y tó dorí kodò níwájú orí rẹ̀, àti tóótòòtó dúdú mẹ́rin nítòsí ìdí rẹ̀, tó tò bí igun àpótí. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó wà nílùú wa ní àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó lè bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jọ̀ọ́, kó jáde kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, torí ìgbà náà la máa ń gbìn.

Àgbẹ̀ kan,
Ojú ọ̀nà Oǹdó, Ilé-Ifẹ̀