Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó kọ́ mi ní àwòrán yíyà

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo rí ìwé àwòrán yín nínú àpótí lánàá. Ojú ibi tí ẹ máa ń ṣí náà ló ṣí sí: Dáfídì gbé orí Gòláyátì lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé Caravaggio, ayàwòrán ará Ítálì tó ya àwòrán náà, ojú ara rẹ̀ ló yà sí orí tí wọ́n bẹ́ yẹn. Ó ti pa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ranuccio Tomassoni ní Róòmù lọ́dún 1606, ó sá lọ, kò sì padà débẹ̀ títí tó fi kú lọ́dún 1610. "Iṣẹ́ ọwọ́ ni kó o wò, má wo ìwà," ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbà. Ẹ̀yin lẹ fi hàn mí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, tí òkùnkùn á sì gbé ìyókù mì. Títí dòní, bí mo bá mú búrọ́ọ̀ṣì, bíi pé ọwọ́ yín wà lórí tèmi ni.

Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ yẹn ńkọ́? Ẹ̀ ń ya Àǹtí. Wọ́n dìde lọ bá yín sọ̀rọ̀, mo gbọ́ ìró ìgbájú. Wọ́n wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi ìṣẹ́tí aṣọ nu ẹ̀jẹ̀ ètè wọn. Ẹ ò bojú wẹ̀yìn. Ẹ ní kí n gbé ọ̀dà funfun wá. Mi ò ju ọmọ ọdún 11 lọ, mo gbé e wá. Funfun yẹn ló ń tàn nínú ẹyinjú àwòrán tí gbogbo ayé ń yìn. Wọ́n yìn ín níbi ìsìnkú yín. Àǹtí jókòó, wọn ò sọ̀rọ̀.

Ti Caravaggio rọrùn fún mi. Ó ti lé ní 400 ọdún. Ẹni tó pa àti àwọn tó sunkún rẹ̀ ti lọ. Ẹni tí ẹ lù ṣì wà láàyè. Nígbà tí wọ́n wá kí mi, wọ́n yí àga wọn padà kí wọ́n má bàa kọjú sí àwòrán náà, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ẹ̀gbọ́n, ṣé Caravaggio lẹ̀ ń gbèjà nígbà yẹn, àbí ara yín? Òun tiẹ̀ ya ojú ara rẹ̀ sí orí ẹni ìdálẹ́bi. Ẹ̀yin ya ètè Àǹtí, ẹ sì pa ọgbẹ́ rẹ̀ rẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jágbe mọ́ ọmọ mi torí pé ó wọlé bá mi lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó pẹ́ níbẹ̀, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí, mi ò sì dá búrọ́ọ̀ṣì dúró. Àwòrán ọjọ́ náà ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo yà lọ́dún yìí. Mi ò tíì lè fi han ẹnikẹ́ni.

Mo ti sọ tiyín kalẹ̀ lára ògiri. Ní alẹ́ òní, mo fẹ́ pe Àǹtí, kí n bi wọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ kí n fi ṣe.

Èmi àbúrò yín.