Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì ní Montréal

Kétu, Benin

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Kú ojú òtútù o. Báwo ni àwọn èjìrẹ́ ará Ìṣokùn? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́. O ní àbúrò ọkọ rẹ kò rí oorun sùn mọ́ láti ìgbà tí ọkọ̀ ti kọlù ú, o wá ń bi mí bí èèyàn ṣe ń fi fóònù tọ́jú ọkàn tó gbọgbẹ́, àti ibi tí mo ti kọ́ ọ, nítorí nọ́ọ̀sì lo mọ̀ mí sí. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí WhatsApp lè gbé lọ, ni mo ṣe mú bírò.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì náà ló gbé mi débẹ̀. O ṣáà mọ bí epo kpayo, bẹntiróòlù fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, ṣe kún ojú títì wa, nínú ìgò, nínú kẹ́ẹ̀gì. Àwọn tí iná rẹ̀ bá jó ni wọ́n ń gbé wá bá wa. A ó wẹ egbò, a ó fi báńdéèjì dì í, awọ á tún hù, wọn á sì lọ sílé. Obìnrin kan padà wá tí kò sí egbò kankan lára rẹ̀ mọ́. Ó ní òun ò lè dáná. Ọwọ́ ò dùn ún o. Bó bá ti gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ṣá ìṣáná báyìí, òógùn á bò ó, ẹsẹ̀ á ti gbé e dé ìta kó tó mọ̀ pé òun dìde. Ọmọ rẹ̀ kékeré ló ń dáná fún gbogbo ilé. Àwọn kan ní èpè ni. Nínú fáìlì tiwa, a ti kọ ọ́ pé ara rẹ̀ ti yá.

Ó kọjá ohun tí mo mọ̀, ni mo bá padà sí ilé ìwé ní Kalavi. Ibẹ̀ ni mo ti kà á pé 1980 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà tó fi irú àìsàn yìí sínú ìwé wọn, tí wọ́n pè é ní PTSD, ìyẹn ẹ̀rù tí kì í kúrò lọ́kàn lẹ́yìn ìjàǹbá. Ó yà mí lẹ́nu. Kétu tí àwọn ọmọ ogun Dànhòmẹ̀ sun níná ní 1886, tí wọ́n kó àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ, ṣé irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tí ẹ̀rù ń fi ojú ọmọ èèyàn rí? Nígbà tí ibi tí wọ́n kó epo sí jóná ní Sèmè-Kraké ní oṣù Kẹsàn-án 2023, tó pa èèyàn tó lé ní 30, iye òkú ni gbogbo ayé ń kà. Èmi ń ro ti àwọn tó dúró níbẹ̀ tí wọ́n gbọ́ igbe.

Nínú gbogbo àwọn tí mo kà nípa wọn, Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ Nàìjíríà, ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Láti 1954, ní Aró l'Ábẹ́òkúta, ó ń fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé ìtòsí, pẹ̀lú ẹbí wọn kan. Wọ́n ń ro oko, wọ́n ń bá ará ilé jẹun, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú. Àárín èèyàn ni ara ti ń yá, kì í ṣe ní àdádó. Mo gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn. Àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù ṣiṣẹ́ tó wá dojú rú.

Gbogbo èèyàn rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ìṣòro. Ó ń yọni lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn máa jókòó sí ló le jù. Inú agboolé ni wọ́n ti tọ́ ìwọ náà. Yàrá wo ni ìyàwó ilé máa wọ̀ lọ́sàn-án gangan, kó ti ilẹ̀kùn, kó máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tí ìyá ọkọ ò ní béèrè ẹni tó ń bá sọ ọ́? Ògiri létí, àwọn ará ilé tí Lambo gbójú lé ló sì ni etí náà. Nígbà mìíràn, ẹni tó ṣe é léṣe gan-an ló jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, n kì í kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni ní ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Níbo lo wà? Ta ló wà nítòsí? Bí nǹkan bá yíwọ́, ta ni kí n pè? Bí ìlà bá já, èmi ni màá tún pè, kí owó rẹ̀ má baà tán. A ó sì jọ mú ọ̀rọ̀ kan tí a ó fi ṣe àmì. Ẹnì kan ní Ṣábẹ mú gàrí. Bó bá ń sunkún lọ, tó kàn ṣàdédé ní “gàrí ti wọ́n jù,” mo ti mọ̀ pé ẹnì kan wọlé nìyẹn, àwa méjèèjì á sì máa ná gàrí títí onítọ̀hún á fi jáde. Ní báyìí, mo mọ iye gàrí ní Ṣábẹ ju ti Kétu lọ.

O ní ṣé àwọn tó kàwé nìkan ni. Rárá o. Ẹni tí kò mọ̀wé, ohùn la fi ń ṣe é. Afọ́jú ò nílò fídíò. Èdè tó bá wá sẹ́nu ni kí oníkálukú sọ. Ẹni tó ń fi Faransé ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, bó bá kan ibi tó dùn ún, èdè ìyá rẹ̀ ló ń jáde. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà, mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí i bí kò tilẹ̀ rí mi. Má rẹ́rìn-ín mi, ó máa ń hàn nínú ohùn. Mùsùlùmí, Kristẹni, olórìṣà, n kì í bá wọn jiyàn ẹni tí wọ́n ń ké pè. Ẹni tí ilé kọ̀ nítorí ẹni tó fẹ́ràn náà ń pè mí, mo sì ń gbọ́ tirẹ̀.

Àwọn adití ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Wọ́n bá wa rí ògbufọ̀ kan láti Faransé lórí fídíò. Ọmọkùnrin Àjàṣẹ́ tí a wá a fún wò ó títí, ó mi orí. Èdè àmì ti Faransé kọ́ lòun gbọ́. Ti Amẹ́ríkà ni wọ́n mú wá sápá ọ̀dọ̀ wa, ọ̀nà tí Andrew Foster, adití aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, là nígbà tó dá ilé ìwé adití sílẹ̀ ní Gánà ní 1957. Títí a fi rí ògbufọ̀ nílé, ńṣe la ń kọ̀wé síra wa.

Ní ti ìtọ́jú fúnra rẹ̀, ọ̀nà kan wà tí Francine Shapiro bẹ̀rẹ̀ ní 1987: aláìsàn á máa rántí ohun tó ṣẹlẹ̀, á sì máa fi ojú tẹ̀ lé ìka olùtọ́jú lọ sọ́tùn-ún, lọ sósì. Ìka mi ò lè dé Ṣábẹ. Ṣùgbọ́n ní Mẹ́síkò, lẹ́yìn ìjì tó jà ní Acapulco ní 1997, Lucina Artigas kọ́ àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí pé kí wọ́n gbé apá méjèèjì kọjá ara láyà, kí oníkálukú máa fi ọwọ́ lu èjìká tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá ojú àti ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́ náà, àbí rírántí níbi tí ọkàn ti balẹ̀. Èmi fara mọ́ èkejì. Ṣùgbọ́n mi ò ní já ohun tí aláìsàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Obìnrin tí ìṣáná ń bà lẹ́rù yẹn, páálí ìṣáná òfìfo la fi bẹ̀rẹ̀. Ó kàn mú un dání. Lẹ́yìn náà, ó mì ín pẹ̀lú igi ìṣáná nínú. Nígbà tó ku kó ṣá a, mo ní kó mú ẹnì kan wá jókòó tì í, kó jẹ́ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Kò mú ọkọ, kò mú ìyá. Oníṣòwò ata tí wọ́n jọ ń pàtẹ ló mú wá. Ibẹ̀ ni mo ti bá Lambo parí ìjà: èèyàn ló ń wo èèyàn sàn, àmọ́ aláìsàn ni kó yàn án.

Ní ti àbúrò ọkọ rẹ, mi ò ní tàn ọ́. Ní Kẹ́bẹ́ẹ̀kì tí ẹ wà, láti 2012, ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ níbẹ̀ ló lè ṣe irú ìtọ́jú yìí, èmi ò sì ní in. Ẹ bá a wá ẹni tó ní in, kí ẹ béèrè bóyá onítọ̀hún ń ṣe é lórí fídíò. Bó bá jẹ́ ohùn ilé ló kàn fẹ́ gbọ́, aago mẹ́wàá àárọ̀ Sunday yín dára fún mi; aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ wa nìyẹn lásìkò òtútù. Àwọn kan máa ń jókòó sínú ọkọ̀ kí ará ilé má baà gbọ́. Kí òun má ṣe bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀ o, ẹ wá yàrá fún un.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ nílé, fi íápíìsì oníwáyà méjì rán an sí mi. Àwọn tí kò ní wáyà máa ń kú mọ́ mi létí.

Àbẹ̀kẹ́ rẹ