Ẹ bá mi bèèrè lọ́wọ́ Ìyá Elépo kí June 12 tó dé

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí Màmá, mo sì kí gbogbo ará ilé. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, òtútù ibí sì ti rọlẹ̀ díẹ̀. Owó tí ẹ ní kí n dá fún ayẹyẹ June 12 tí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa fẹ́ ṣe, mo ti fi ránṣẹ́ sínú àkáǹtì yín. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti wọlé. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ kan lórí ètò náà tí kò ṣeé sọ tán lórí fóònù, pàápàá nígbà tí ẹ bá wà láàárín èrò, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á sókè fún Màmá, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n, àwọn ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n jù gbogbo wa lọ.

Nígbà tí ẹ to ètò náà lẹ́sẹẹsẹ fún mi, mo gbọ́ pé ẹ ó ta kánópì, ẹ ó pe àwọn onílù, kánsẹ́lọ̀ yóò wá, àwọn ọmọ ilé-ìwé yóò kọrin, ẹnìkan yóò sì ka ìtàn ìgbésí ayé Olóyè M.K.O. Abíọ́lá kí ẹ tó jẹun. N kò rí àléébù kankan níbẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá Gbágùrá ni Abíọ́lá, Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1937, ilé-ìwé Baptist Boys' High School tó wà nílùú wa ló sì lọ. Bí àwa kò bá ṣẹ̀yẹ fún un, ta ni yóò bá wa ṣe é? Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, nínú gbogbo orúkọ tí wọn yóò dá lọ́jọ́ náà, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni rántí ọmọ Ìyá Elépo?

Ẹ̀yin ti tó ìbò dì nígbà náà, èmi kò tíì tó. Ohun tí mo rántí nípa ọjọ́ Sátidé náà, ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993 tí wọ́n dìbò ààrẹ, ni bí èrò ṣe tò lọ bẹẹrẹ láti ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, tí kò sì sí ìjà, tí kò sí ẹni tó ń já àpótí gbà. Àwọn ìyá àgbà gbé àpótí ìjókòó wọn wá láti ilé, wọ́n ń sún un síwájú díẹ̀díẹ̀ bí èrò ṣe ń lọ. Màmá kò ṣí ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ wọn n'Ítòkú lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ka fún ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin, ẹgbẹ́ Abíọ́lá, tán, wọ́n na àtàǹpàkò wọn sí wa pé kí a wá wo tàdáwà, a wò ó títí, a kò rí nǹkan kan, nítorí pé aró ti kun gbogbo ìka wọn dúdú tipẹ́tipẹ́. Ẹ bi Màmá bóyá wọ́n rántí bí a ṣe rẹ́rìn-ín tó. Ní ìrọ̀lẹ́, ojú gbogbo wa ni wọ́n ṣe ka ìbò náà, olúkúlùkù sì mú iye rẹ̀ lọ sílé lórí ahọ́n.

Ẹ mọ ìyókù. Abíọ́lá ní ìbò tó lé ní mílíọ̀nù 8, Bashir Tofa tí wọ́n jọ du ipò náà kò pé mílíọ̀nù 6, kódà Abíọ́lá fìdí Tofa jánlẹ̀ ní Kano tó jẹ́ ilé rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù náà, ìjọba ológun Babangida ní àwọn ti fagi lé ìbò náà. Ọdún 2025 ni Babangida ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ní gbangba pé Abíọ́lá ló wọlé. Ẹni tó bá ti di òbí lọ́dún 1993 lè ti ní ọmọ-ọmọ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó jáde.

Ọmọ Ìyá Elépo wà ní Mushin l'Ékòó nígbà náà, níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ẹgbẹ́ yín ni, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò Ògùn tí Bàbá fi ń na yín. Ó ku oṣù díẹ̀ kí ó gba fírídọ̀mù. Ìyá rẹ̀ ti wá sí ṣọ́ọ̀bù Màmá, ó ti mú àdìrẹ tí òun àti àwọn ẹbí yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí epo bá ṣe ń tà. Nígbà tí Campaign for Democracy, ẹgbẹ́ Dókítà Beko Ransome-Kuti tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá bíi tiwa, ní kí aráyé tú jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Keje láti fẹ̀hónú hàn, Èkó dúró gbagidi. Àwọn sójà wọ ìgboro, wọ́n yìnbọn. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ní àwọn tó kú lé ní 100. Àwọn kan sọ pé ọmọ náà wà láàárín àwọn tó ń kọrin lójú títì. Ọ̀gá rẹ̀ ní púlọ́ọ̀gì lòun rán an lọ rà. Èwó ni a ó gbà nínú méjèèjì? Lójú tèmi, kò yí nǹkan kan padà. Ẹni tó jáde lọ jà àti ẹni tó jáde lọ ra púlọ́ọ̀gì, ìbọn kan náà ló bá wọn.

Mo rántí pé gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Ìyá Elépo máa ń lọ sí gáréèjì Kútọ̀ láti wo àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Èkó. Ọkọ̀ kò tó nígbà náà, àwọn tó ń sá kúrò l'Ékòó sì ń wọlé pẹ̀lú ẹrù lórí àti ọmọ lẹ́yìn, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ogun fẹ́ bẹ́. Ọ̀gá ọmọ náà ló padà gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ wá sílé. A kò rí òkú. Àwọn àgbà pe ìyá náà wọ yàrá, wọ́n bá a sọ̀rọ̀, wọ́n sì kìlọ̀ fún àwa ọmọdé pé kí a má ṣe dárúkọ ọmọ náà létí rẹ̀ mọ́. Ẹkún kò jáde sí ìta. Ọ̀fọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ń ṣe ọ̀fọ̀.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù láti wá san ìyókù owó àdìrẹ. Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ Màmá lọ́jọ́ náà. Màmá ní àwọn kò gbà á, pé kí ó dá aṣọ náà padà, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ó ní òun kò dá aṣọ padà, òun kò sì jẹ gbèsè. Wọ́n fà á títí. Nígbà tó lọ tán, Màmá gbé ìdì kámpálà kan sókè lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sì bá owó náà lábẹ́ rẹ̀, náírà wẹ́wẹ́ tí epo ti rẹ, ó pé géérégé. N kò tíì rí ẹni tó wọ àdìrẹ náà títí di òní.

Láàárín ọdún márùn-ún tó tẹ̀ lé e, ìròyìn ń lu ara wọn. Wọ́n fi Shonekan jẹ olórí ìjọba fìdíhẹ ní oṣù Kẹjọ, ọmọ Ẹ̀gbá kan lórí àga tí ọmọ Ẹ̀gbá mìíràn fi ìbò gbà. Ẹ ò gbàgbé èébú tí àwọn obìnrin Ìtòkú bú nítorí rẹ̀. Abacha lé e kúrò ní oṣù Kọkànlá. Abíọ́lá kéde ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ààrẹ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó l'Ékòó lọ́dún 1994, wọ́n sì tì í mọ́lé. Wọ́n yìnbọn pa Kudirat ìyàwó rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996. Nígbà tí Abacha kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 1998, ìgboro jó ijó ayọ̀, gbogbo wa jáde. Ìyá Elépo nìkan ni kò jáde.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 7 oṣù Keje, ni rédíò sọ pé Abíọ́lá ti kú l'Ábùjá nígbà tí àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn dókítà tí wọ́n kó wá láti òkè òkun sọ pé àìsàn ọkàn ni. Ìgboro ní tíì tí wọ́n fún un mu ló pa á, ìgboro kò sì tíì yí ohùn padà. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí táyà fi ń jó ní Ṣápọ́n. Ẹ̀yin wà níta, èmi wà nílé, nítorí náà èmi ni mo rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìyá Elépo jáde sí iwájú ilé wa, ó tú gèlè rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì figbe ta. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn ará àdúgbò ń sọ pé ẹ wo bí obìnrin yìí ṣe fẹ́ràn Abíọ́lá tó. Màmá nìkan ni wọ́n lọ jókòó tì í, tí wọn kò sì pè é pé kó dákẹ́. Ìgbà tí mo dàgbà ni ó yé mi pé ọdún márùn-ún ni ẹkún náà ti wà ní ikùn rẹ̀, òkú olókìkí ló sì fún un láyè láti sun ún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí níbí. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2017, iná jó ilé gogoro kan tí wọ́n ń pè ní Grenfell Tower ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Fíríìjì kan ló gbiná ní àjà kẹrin, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi bo ara ilé náà nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe ni iná gbà gòkè. Àwọn panápaná ń sọ fún àwọn tó wà lókè pé kí wọ́n dúró sínú ilé, nígbà tí wọn yóò sì fi yí ohùn padà, ó ti pẹ́. Èèyàn 72 ló kú, ìgbìmọ̀ tó ṣèwádìí sì sọ lọ́dún 2024 pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó yẹ kó kú. Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń gbé nítòsí ibẹ̀, òun ló mú mi lọ bá wọn rìn. Ní ọdún àkọ́kọ́ àti àwọn tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 14 oṣooṣù ni wọ́n máa ń pàdé, tàgbà tèwe, pẹ̀lú aṣọ àwọ̀ ewé lọ́rùn, tí wọ́n á sì rìn la àdúgbò kọjá láì sọ̀rọ̀. Bí ọdún bá yí po, wọ́n á ka orúkọ gbogbo àwọn tó kú. Àwọn ará Morocco wà níbẹ̀, ará Ethiopia, ará Gambia, ará Ítálì, arúgbó àti ọmọ ọwọ́. Oyún kan tí ìyá rẹ̀ là á já, ṣùgbọ́n tí ọmọ náà kò yè, wọ́n fún un lórúkọ, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn 72 náà.

N kò sọ pé àwọn ará ibí gbọ́n jù wá lọ. Nígbà tí ìjọba kéde lọ́dún 2025 pé àwọn yóò wó ilé náà, ṣe ni àwọn ẹbí olókùú pín sí méjì, àwọn kan ń sọ pé ojú àwọn kò lè máa rí i mọ́, àwọn mìíràn ní kò yẹ kí wọ́n wó o nígbà tí a kò tíì rí ìdájọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bá ẹnìkejì rẹ̀ jà lórí bóyá kí wọ́n dárúkọ àwọn òkú.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà àdúgbò yóò sọ. Wọn yóò ní òkú àgbà ni à ń ṣe ìrántí rẹ̀, bí àwa náà ti ń ṣe ti Bàbá pẹ̀lú aṣọ ẹbí àti ìrẹsì. Wọn yóò ní òbí kì í sin ọmọ, a kì í sì í lùlù fún ọ̀fọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, n kò sì ní kí a lùlù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àṣà yìí gbé wa dé nínú ọ̀rọ̀ June 12. Lọ́dún 2018 Ààrẹ Buhari sọ ọ́ di Ọjọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa, ó fún Abíọ́lá ní GCFR, oyè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀. Lọ́dún 2025 Ààrẹ Tinubu ka orúkọ ọ̀pọ̀ èèyàn síwájú àwọn aṣòfin l'Ábùjá, Kudirat wà níbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Humphrey Nwosu tó ṣètò ìbò náà wà níbẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. L'Ábẹ́òkúta, pápá ìṣeré ń jẹ́ orúkọ Abíọ́lá, ilé-ìwé gíga tó wà l'Ójèéré ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ìbọn bá ní oṣù Keje ọdún 1993 kò jẹ́ orúkọ òpópónà kankan, nítorí pé àwọn ìyá wọn ni a kọ́kọ́ pa lẹ́nu mọ́, nínú ilé wa gan-an.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí Màmá lọ bá Ìyá Elépo, kí wọ́n má mú ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ onílé dání, kí ẹnikẹ́ni má sì ya fídíò. Kí wọ́n bi í léèrè bóyá ó fẹ́ kí a dárúkọ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí àwọn onílù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i pé èmi fúnra mi kò kọ orúkọ náà sínú lẹ́tà yìí. Òun ló ni ín, òun ni kó kọ́kọ́ yọ̀ǹda. Bó bá gbà, kí ó sọ ẹni tí yóò kà á, kí ó má jẹ́ kánsẹ́lọ̀. Bó bá kọ̀, kí Màmá bá a sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, kí ọ̀rọ̀ náà má dé etí ìpàdé. Bákan náà, ẹ béèrè láwọn ilé tó kù, nítorí n kò gbà gbọ́ pé tiwa nìkan ni. Ìwé tí ẹ ó bá kọ orúkọ wọn sí, ẹ fi pamọ́ sínú àpótí Màmá, ẹ má jẹ́ kó lọ bá àwọn ìwé ìpàdé yín nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí eku ti ń jẹ ẹ́.

Ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ náà, ẹ sì bá mi kí Ìyá Elépo, yálà ẹ bá a sọ̀rọ̀ náà tàbí ẹ kò bá a sọ ọ́.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́,
láti Lọ́ńdọ̀nù