Bàbá Dókítà ti lọ

Ìyá Ìbejì mi,

Báwo ni òtútù Kánádà, àwọn ọmọ ńkọ́, ọkọ wa ńkọ́? Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ lórí WhatsApp kí n tó kọ èyí, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé sọ nínú voice note, mo ti gbìyànjú ẹ̀, ẹkún ni kò jẹ́ n parí ẹ̀. Bàbá Dókítà ti lọ. Ọjọ́ Àlàmísì ni wọ́n jáde láyé, wọ́n ti sin wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, a sì ti ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ. Àwọn ọmọ Bàbá kọ 89 ọdún sórí báńà, àmọ́ ìwọ náà mọ̀ pé Bàbá fúnra wọn ò mọ ọjọ́ ìbí wọn, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn ti ń jíṣẹ́ fún ìyá àwọn nígbà tí Àtáọ́ja Adénlé gorí oyè.

Àlùfáà sọ̀rọ̀ dáadáa lọ́jọ́ fídáù o. Ó ní Bàbá ò jẹ́ kí ìrun kọjá wọn, ó ní wọn kì í bá ará àdúgbò jà, òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Gbogbo èèyàn ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n a jẹun, a jó, a tú ká, kò sẹ́ni tó dárúkọ iṣẹ́ dókítà ayùn, iṣẹ́ títún ayùn sọ́mìlì ṣe, tí Bàbá fi ohun tó lé ní 50 ọdún ṣe, tí a fi ń pè wọ́n ní Bàbá Dókítà. Ó dùn mí gan-an. Torí ìwọ ni mo ṣe ń kọ ọ́, nítorí èmi pẹ̀lú ẹ la jọ máa ń ru oúnjẹ màmá mi lọ sọ́mìlì, o mọ ohun tí ọwọ́ yẹn ń ṣe.

Ṣé o rántí ṣẹ́ẹ̀dì Bàbá, èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ CD ńlá tí wọ́n fi ń la gẹdú? Ayùn tí wọ́n bá yọ lára ẹ̀rọ á ká jọ sílẹ̀ níbẹ̀ bí òjòlá, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án àfi Bàbá. Wọ́n á gbé e sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á lọ eyín ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá tẹ eyín kan sápá òsì, èyí tó tẹ̀lé e sápá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi yí i ká, torí pé tí eyín ò bá yà síra, ayùn á há sínú igi, á gbóná, á já. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan òòlù. Èyí ni mo fẹ́ràn jù láti máa wò. Wọ́n á máa fi òòlù kékeré lu àárín ayùn jẹ́jẹ́, wọ́n á fi rúlà irin lé e, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á máa wò bóyá ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rúlà kọjá, wọ́n á tún lù ú. Àárín yẹn gbọ́dọ̀ nà ju etí lọ díẹ̀ kí ayùn tó lè sáré tààrà nínú gẹdú. Tí ò bá rí bẹ́ẹ̀, pákó tú bái fọ́ọ̀ á nípọn níbí á tín-ín-rín lọ́hùn-ún, káfíńtà á dé orí òrùlé tán kó tó mọ̀ pé wọ́n ti ta ìyà fóun.

Àti etí Bàbá. Ọjọ́ tí a gbé ẹ̀bà lọ, tí ìrókò ńlá yẹn wà lórí ẹ̀rọ, ìwọ lò ń bu omi ìfọwọ́. Bàbá ti bu òkèlè, wọ́n kàn sọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n pariwo pé "Ẹ pa á! Ẹ pa á!" Èmi ò gbọ́ nǹkan kan tó yàtọ̀, ariwo ẹ̀rọ náà ni mo ń gbọ́. Ìgbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ tí wọ́n fi àáké ṣí ojú ibẹ̀ lára igi, ìṣó ńlá ni wọ́n bá, igi ti dàgbà bò ó mọ́lẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ayùn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kàn án ni, eyín bíi mélòó kan ti ká. Bàbá ní ọdẹ kan ló fi kan ègùn mọ́ igi láyé ijọ́un. Ká ní wọ́n jẹ́ kó lọ ni, ayùn yẹn máa já lójú eré, o sì mọ ibi tí ọpuréítọ̀ ń dúró sí. Bàbá ò padà sídìí ẹ̀bà náà o, ayùn ni wọ́n dojú kọ.

Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n sì wọ̀ wá sí Òṣogbo, nígbà tó jẹ́ pọ́n-ún àti ṣílè la ṣì ń ná. Gẹdú ń wọlé nígbà yẹn láti apá Ifẹ̀ àti Oǹdó, ìrókò, ọ̀gànwó, arère, àfàrà, wọ́n ní àwọn kan wà tó jẹ́ pé èèyàn tó dúró lódì kejì ò ní rí ẹ. Ìgbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986 tí náírà wó lulẹ̀, ayùn tuntun láti òkè òkun wá di ohun tí ọwọ́ ò tó mọ́. Bàbá ló gba gbogbo wọn là. Wọ́n á gé ibi tó ti sán kúrò, wọ́n á jó o pọ̀, wọ́n á tún un lọ, ayùn tí ẹlòmíì máa jù sí ààtàn tún máa là pákó fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Nígbà tí wọ́n wá dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní oṣù Ògọ́ọ̀sì 1991, o rántí bí ìlú ṣe rí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó bọ̀ láti Ìbàdàn, kò sílé tí wọ́n máa gbé, gbogbo ẹni tó ní pọ́lọ́ọ̀tì ló ń kọ́lé. Bàbá ń sùn sí sọ́mìlì nígbà yẹn, lúbúlúbú igi ló kún orí àti irùngbọ̀n wọn. Mo sọ fún ẹ, tí mo bá ń kọjá Ògo-Olúwa tàbí Òkè-Fíà tí mo rí àwọn páànù àtijọ́ yẹn, mo mọ̀ pé pákó tó gbé wọn dúró, ayùn tí Bàbá pọ́n ló là á. Ìyẹn ló yẹ kí ẹnìkan sọ lọ́jọ́ fídáù.

Ariwo ẹ̀rọ mú etí wọn lọ nígbẹ̀yìn. Tí wọ́n bá gbé wọn lọ sí sọ́mìlì, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ lé irin ẹ̀rọ, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á ní "ayùn yìí ti kú," wọn kì í ṣì í. Tíìkì àti mẹ̀línà ló kù tí wọ́n ń là níbẹ̀ báyìí, ìrókò ti wọ́n bí ojú. Àwọn tó wẹ òkú Bàbá sọ pé ìka Bàbá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé, Ìyá Ìbejì, nídìí iṣẹ́ tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọn ni ìka wọn ò pé mọ́! Mo ní kí wọ́n tún un sọ.

Mo wá fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Fọ́tò tí o yà wọ́n nígbà tí o wálé kẹ́yìn, tí wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n di fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n ayùn mú, jọ̀ọ́ bá mi wá a jáde. Àwọn ọmọ fẹ́ gbé fọ́tò kọ́ sí pálọ̀, gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, agbádá ọdún Iléyá ni Bàbá wọ̀ nínú ẹ̀, mo sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró. Má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò o, fi í bíi document kó má bàa ṣú, Old Garage ni mo máa ti ṣe é ní ńlá, èmi ni mo máa sanwó férémù. Tó bá ti wọlé, màá pè ẹ́.

Ọ̀rẹ́ ẹ,
Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́bà