Ìdí tí a kò fi ní í pa Èsìẹ́ pọ̀ mọ́ Òwu mọ́: ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ ń wọ ọkọ̀ wa, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá wa bọ̀ látìgbà tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo la ní, témi fúnra mi sì ń wà á.

Láti oṣù tó kọjá làwọn kan ti ń bi mí pé kí ló dé tí ìrìn àjò Sátidé wa, tó máa ń dé ọ̀sọ̀rọ̀ omi Òwu kó tó yà sí mùsíọ́ọ̀mù ère òkúta Èsìẹ́, fi wá di Èsìẹ́ nìkan, tí owó ọkọ̀ ò sì dín kọ́bọ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ ní èrè orí ère ni mò ń jẹ. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Nígbà òjò tó kọjá, a pẹ́ kúrò ní Ìlọrin. Ẹ̀bi tèmi ni. Táyà ẹ̀yìn ń jò, mo ti rí i lálẹ́ àná rẹ̀, mo ní yóò gbé wa dé. Kò gbé wa dé. Òwu la kọ́kọ́ lọ, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá ti tẹsẹ̀ bọ omi yẹn kì í fẹ́ jáde mọ́. Nígbà tá a fi máa dé Èsìẹ́, oòrùn ti ń wọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń múra ilé. Wọ́n ṣàánú wa, wọ́n ní ká tètè wọlé. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fún àwọn èrò.

Màmá kan wà láàárín wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n dúró síwájú ère obìnrin kan, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n ń fi ìka tọ ìlà irun tí wọ́n dì sí i lórí, lókèèrè, wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ń kà á wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń ka owó àjọ. Wọ́n ti dé orí ẹẹ́fà nígbà tí dẹ́rẹ́bà mi fọn fèrè ọkọ̀. Màmá jáde, wọn ò sọ nǹkan kan. A ti kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo kí wọ́n tó yíjú sí mi: "Ìwọ ọmọ yìí, o ò mú wa lọ wò wọ́n o. O kàn gbé wa gba iwájú wọn kọjá ni."

Ẹnu mi wọhò. Lẹ́tà yìí ni èsì tí mi ò lè fọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹni tí ò tíì débẹ̀ lè rò pé òkúta mélòó kan ni wọ́n tò síbẹ̀. Tá a bá ka àwọn tó ti fọ́ mọ́ ọn, nǹkan bí 1,000 ère ni wọ́n. Èyí tó tóbi jù ga ju mítà kan lọ díẹ̀. Àwọn tín-ń-tín inú wọn ò ga ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ jókòó sórí àpótí tí ìdí rẹ̀ dà bí olú. Àwọn kan gbé àdá lé èjìká. Ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn wọn, ilà wà lójú, irun orí wọn sì ga sókè bíi ti ẹni tó di ṣùkú lọ sóde ìyàwó. Òkúta tí wọ́n fi gbẹ́ wọn rọ̀, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, ọ̀bẹ sì ràn án. Ìyẹn ni iṣẹ́ ọnà ara wọn fi tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti fọ́ ní ọrùn.

Ìwé á máa sọ pé Ramshaw, òyìnbó tó ń bẹ ilé ìwé ìjọ CMS wò, ló "rí" wọn lọ́dún 1933. Kí la wá fẹ́ pe àwọn ará Èsìẹ́ tí wọ́n ti ń bọ wọ́n nínú igbó látayébáyé, tí wọ́n ní àwòrò tiwọn? Àmọ́ látìgbà náà ni ayé ti gbọ́, nígbà tó sì di 1945, wọ́n kọ́ ilé sí wọn lórí. Mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà nìyẹn, nínú ìlú kékeré ilẹ̀ Ìgbómìnà, ọdún méjìlá gbáko kí wọ́n tó ṣí ti Oníkàn l'Ékòó. Ẹ bi àwọn ará Èkó léèrè, ẹ máa rí ojú wọn.

Ta ló wá gbẹ́ wọn? Àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò. Àwọn àgbà ìlú ní àlejò ni wọ́n, tí wọ́n di òkúta níbi tí wọ́n jókòó sí. Èmi ò lè bá wọn jiyàn, torí ìjókòó wọn jọ ti ẹni tó ń retí kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Ètò wa tuntun rèé. Agogo méje àárọ̀ lọkọ̀ ń gbéra, a ó sì dúró wákàtí mẹ́ta ní Èsìẹ́. Owó tẹ́ ẹ ń san náà la fi ń san owó ìdúró dẹ́rẹ́bà àti ti ọmọ ìlú tó ń mú wa kiri, ẹni tí a kì í ní tẹ́lẹ̀. Owó ìwọlé mùsíọ́ọ̀mù lọ́tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi òṣìṣẹ́ kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò, ẹ má sì gbé ọmọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ère. A ó yà jẹ iyán ní Òrò tá a bá ń bọ̀. Lóṣù kẹrin tí wọ́n bá ń ṣe ọdún ère, bọ́ọ̀sì méjì la ó gbé lọ. Òwu ti ní ọjọ́ tirẹ̀ báyìí, Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Ẹni tó bá ti sanwó ibi méjèèjì sílẹ̀, ó lè wá gba owó rẹ̀, tàbí kó fi lọ sí Òwu.

Màmá, tẹ́ ẹ bá rí lẹ́tà yìí, ìjókòó iwájú ni tiyín, lọ́fẹ̀ẹ́. Orí ẹẹ́fà lẹ kà á dé. Dẹ́rẹ́bà ò ní í fọn fèrè.