Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ Pírámárì Mẹ́rin

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí àwọn ọmọ náà. Mo rí àwọn fọ́tò Ọjọ́ Àyíká Lágbàáyé tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Aṣọ tí ẹ fi ọ̀rá píọ́ wọ́tà rán fún ọmọbìnrin yẹn, àfi bí ìyàwó ojú ọ̀nà! Òdòdó tí ẹ fi ike gé, tí ẹ kùn ní pupa àti yẹ́lò, òun náà rẹwà. Ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí, bí n kò bá sọ ọ́ fún ọ, ta ni yóò sọ ọ́? Níbo ni àwọn òdòdó yẹn wà báyìí?

Orí ààtàn ni, mo mọ̀. Ike tí ì bá tà nìyẹn. Obìnrin tó ń ra ike ládùúgbò wa níbí kì í fọwọ́ kan èyí tó bá ti ní ọ̀dà lára, torí àwọn tó ń lọ̀ ọ́ kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Ajégúnlẹ̀ l'Ékòó, Morit International School gba ike lọ́wọ́ àwọn òbí, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ. Ẹ̀yin náwó ọ̀dà lé tiyín lórí kó tó padà di pàǹtí.

N kò ní kí ẹ má ṣe iṣẹ́ ọnà o. Èmi aláró, ṣé ẹnu mi ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ? Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ọmọ máa ya ohun tó fojú ara rẹ̀ rí, kí àwòrán náà jẹ́ iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì rẹ̀.

Bẹ̀rẹ̀ láti orí sóbò. Ra ìṣápá pupa gbígbẹ, sè é kó ki dáadáa, má fi ṣúgà sí i. Kí àwọn ọmọ ki bébà ìyàwòrán funfun bọ inú rẹ̀, kí wọ́n sá a síbi tí oòrùn kò ti ní pa á. Tó bá gbẹ, kí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ mu omi òrombò wẹ́wẹ́, kí wọ́n fi kọ orúkọ wọn sí i: ojú ibẹ̀ á pọ́n fòò. Kí wọ́n wá fi omi eérú ya ewé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ á di àwọ̀ ewé lójú wọn báyìí. Lẹ́yìn náà ni kó o bu omi kànga, omi òjò, àti omi gọ́tà tó ń ti ibi ìfọṣọ bọ̀, kí wọ́n kán an sí bébà, kí wọ́n wo àwọ̀ tó bá dà, kí wọ́n kọ ibi tí omi ti wá sábẹ́ rẹ̀. Ìwọ ni kó o bu ú, kì í ṣe àwọn ọmọ. Sì wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Bí wọ́n bá gbé bébà yẹn dé ọ̀dọ̀ àwa aláró, ọ̀rọ̀ di wàhálà, torí kọ́síìkì sódà, tí òun náà ń yí àwọ̀ bébà padà bíi ti omi eérú, ni ọ̀pọ̀ wa ń lò nísinsìnyí, gọ́tà sì ni omi rẹ̀ ń gbà lọ. Kí wọ́n wá bi wá. Ó yẹ kí ẹnì kan bi wá.

Aró elú ni kó o ṣe fún wọn, má fi sódà ṣe é. Ìwọ náà rántí ìkòkò Màmá: elú gígún tí a ṣù, omi eérú tí a sẹ́, àti òórùn tó ń lé àlejò. Tí aṣọ bá ń jáde nínú ìkòkò, kì í dú rárá, àwọ̀ ewé tó ń lọ sí yẹ́lò ló máa ń jẹ́. Orí okùn ni afẹ́fẹ́ ti ń pa á dà díẹ̀díẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n pariwo tán, kí o bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kó o tó dárúkọ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ fún wọn.

Ìbàdàn ni ẹ sì wà. Àwọn ìyá tó ya àwòrán tí à ń pè ní Ìbàdàndùn sórí àdìrẹ ẹlẹ́kọ, òpó Gbọ̀ngàn Màpó ni wọ́n yà síbẹ̀, wọ́n fi ṣíbí sáàárín. Ohun tó wà níwájú wọn ni. Kí ló wà níwájú àwọn ọmọ tìrẹ? Gọ́tà tí ọ̀rá dí. Omi Ògùnpa ya wọ ìlú ní 31 Oṣù Kẹjọ 1980, èèyàn tó lé ní 200 ló bá a lọ. Òjò 26 Oṣù Kẹjọ 2011 tún pa àwọn tó lé ní 100. Òjò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pàǹtí tí a dà sójú odò àti ilé tí a kọ́ sétí rẹ̀ kò jẹ́ kí omi rọ́nà lọ. Nítorí náà, kó wọn jáde, kí wọ́n ya gọ́tà tó yí ilé ẹ̀kọ́ yín ká bó ṣe rí gan-an: ibi tí omi ti ń lọ, ibi tó ti dúró, ibi tí ẹ̀fọn ń yé sí. Tí òjò bá dá, kí wọ́n tún un yà. Èyí tó bá dára jù nínú wọn, ẹ fi ẹ̀kọ láfún yà á sórí aṣọ, ẹ rẹ ẹ́ láró, ẹ gbé e kọ́ níbi ìpàdé òbí. Bàbá tó bá rí ojúlé ara rẹ̀ nínú àdìrẹ, tí òkìtì pàǹtí wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò ní í bi yín pé kí lẹ ń sọ.

Ẹ lè ri ewé eéran, bébà àti ọ̀rá mọ́lẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú, kí ẹ máa hú wọn wò, kí ẹ máa yà wọ́n. Ìyẹn ò le.

Ọ̀gá yín lè ní kò sí àyè. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí àkókò sáyẹ́ǹsì àti ti iṣẹ́ ọnà tẹ̀ léra wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ ní méjèèjì, kò sì ní kí ẹ mọ ògiri sáàárín wọn.

Elú ti wà nínú àpò. Dírẹ́bà tó máa ń gbé ọjà wa wá sí Ìbàdàn ló máa mú un bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, tètè lọ gbà á kí òjò má pa á. Wá ìkòkò amọ̀ sílẹ̀, àti eérú igi gidi. Má jẹ́ kí wọ́n fún ọ ní eérú ibi tí wọ́n ti jó ọ̀rá. Kí àwọn ọmọ wọ aṣọ tó ti gbó wá. Aró kì í jáde lára yúnífọ́ọ̀mù, ìwọ ni àwọn ìyá wọn yóò sì wá bá.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ, Abẹ́òkúta