Lẹ́tà sí Wálé lórí ọ̀rọ̀ Rambus

San José, Kalifọ́níà

Wálé ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́.

Mo gbọ́ pé o fẹ́ ra ìpín iléeṣẹ́ mẹ́mórì kọ̀ǹpútà, àti pé ẹ̀ ń jiyàn lórí èyí tó yára jù. Kí o tó tọwọ́ bọ àpò, jẹ́ kí n sọ ti Rambus fún ọ, iléeṣẹ́ kan tó ń hùmọ̀ bí mẹ́mórì kọ̀ǹpútà ṣe lè yára, torí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára.

Ọdún 1990 ni Mike Farmwald àti Mark Horowitz, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Stanford, dá a sílẹ̀ ní Kalifọ́níà níbí. Wọn kì í ṣe mẹ́mórì tà. Ọgbọ́n orí ni wọ́n ń tà nígbà náà: ẹni tó bá lò ó, kó san owó ẹ̀tọ́ lórí gbogbo èyí tó bá ṣe jáde. Nígbà tí Intel, iléeṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ní RDRAM, irú mẹ́mórì tiwọn, lòun máa lò, àwọn olùdókòwò ya bò wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000, ìpín kan ṣoṣo ti ju $400 lọ.

Mo ti fọwọ́ mú RDRAM yẹn rí. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n fi bò ó lára torí ó máa ń gbóná. Bí ihò mẹ́mórì kan bá ṣófo nínú kọ̀ǹpútà, o ò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àfi kí o ki pátákó tí kò ní mẹ́mórì kankan bọ̀ ọ́, kí iná lè rí ọ̀nà kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ náà ò ní dìde. Ó sì wọ́n bí ojú. DDR, irú mẹ́mórì tó ń bá a díje, dínwó, AMD tó ń bá Intel figagbága sì gbà á.

Ariwo wá sọ. Àwọn kan ń ka 800 MHz, ìyẹn bí RDRAM ṣe yára tó, bí ẹni ń ki oríkì, àwọn kejì ní DDR ló máa jọba. Ọ̀pọ̀ wọn ò rí i pé Rambus ti na ọwọ́ dé orí DDR fúnra rẹ̀: 3.5% ni wọ́n ń bèèrè lórí rẹ̀, 0.75% lórí SDRAM, irú mẹ́mórì tó ṣáájú DDR. Nínú àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe mẹ́mórì, Toshiba àti Hitachi fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò san án lọ́dún 2000. Infineon, Micron àti Hynix kọ̀ jálẹ̀.

Ibi tó dùn mí nìyí. Àjọ JEDEC ni àwọn iléeṣẹ́ ti ń jókòó pọ̀ fẹnu kò lórí bí mẹ́mórì yóò ṣe rí. Rambus bá wọn jókòó láti 1992 títí di 1996, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, ó sì ń tún ìwé pátẹ́ǹtì rẹ̀, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun tó hùmọ̀, kọ lábẹ́lẹ̀ kó lè bá a mu. Lọ́dún 2001, ní ìlú Richmond, àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ Rambus àti Infineon ní jìbìtì ni. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí i padà ní 2003. FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ìdíje nínú òwò, dá wọn lẹ́bi ní 2006; ilé ẹjọ́ tún yí ìyẹn náà padà ní 2008. Òfin dá wọn láre, èmi ò dá wọn láre. Ẹni tó bá bá ẹgbẹ́ jókòó, tó mọ̀ pé òun yóò gba owó lọ́wọ́ wọn lọ́la, ó yẹ kó là á fún wọn.

Àwọn yòókù náà ò mọ́ o. Infineon, Hynix àti Samsung jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ Amẹ́ríkà pé àwọn lẹ̀dí àpò pọ̀ lórí iye owó mẹ́mórì. $300 mílíọ̀nù ni ìtanràn Samsung nìkan.

RDRAM kú lọ́jà, síbẹ̀ owó wọlé: Samsung gbà láti san nǹkan bíi $900 mílíọ̀nù lọ́dún 2010, Hynix $240 mílíọ̀nù àti Micron $280 mílíọ̀nù ní 2013. Ṣùgbọ́n wo Oṣù Kọkànlá 2011: ẹjọ́ kan ní San Francisco yí sí wọn lódì, ìpín wọn sì já ju ìdajì lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn pátẹ́ǹtì ti 1990 pàápàá, ogún ọdún ni wọ́n ní, wọ́n ti parí ní 2010.

Nítorí náà, má bi mí pé èwo ló yára. Bi wọ́n léèrè pátẹ́ǹtì ta ni, ìgbà wo ló máa parí, ta ló ń sanwó. Fi ìwé ìṣirò iléeṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí mi kí o tó sanwó. Ojú ìwé tí wọ́n ti to ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ kà.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Délé